Àga Kọnkéré Tí Bọ̀ọ̀dá Dátà Yàn

Nínú gbogbo òbí tó jókòó sínú yàrá yẹn lọ́jọ́ náà, tó fi mọ́ àwọn tó máa ń bá awakọ̀ jà nítorí ìjókòó, àti àwọn tó máa ń tẹ tòmátì wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rà á, kí ló dé tí kò sí ẹyọ ẹnì kan tó la ẹnu béèrè pé, "Ta ló máa gbé e?"

Ìyá Ìkókó kò tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí títí dòní. Òun náà wà níbẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí, ahọ́n rẹ̀ kò sì dùn ún. Kò béèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá Dátà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Ìkókó. Èèyàn dáadáa ni. Kì í jalè, kì í mutí, kì í bá aládùúgbò jà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: tó bá ti gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan péré, òun ló dá nǹkan náà sílẹ̀ nìyẹn. Ọdún tó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọ̀sẹ̀ kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ọdún tí wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn nítorí ibà, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti ń ṣàlàyé ibà fún nọ́ọ̀sì.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wọn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ohun èlò náà ní ìgbésí-ayé bíi tèèyàn: ibi tí wọ́n ti wà á jáde nínú ilẹ̀, iná tí wọ́n fi sè é tàbí tí wọ́n fi yọ́ ọ, ọkọ̀ tó gbé e, ọdún tí wọ́n fi lò ó, àti ibi tí wọ́n jù ú sí nígbà tó gbó. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wọn èéfín tó ń jáde ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, wọ́n sì ti tò ó sínú àtẹ kí èèyàn lè mọ èyí tó ń ba ayé jẹ́ àti èyí tó ṣì ṣeé fara dà. Dátà ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. "Dátà sọ pé." "Ohun tí dátà wí kọ́ nìyẹn." "Ìwọ, ṣé o ní dátà?" Kí oṣù yẹn tó parí, kò sẹ́ni tó tún rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kódà ìyá arúgbó tó ń gbé lójú kejì ilé wọn gbé fóònù rẹ̀ wá bá a lọ́jọ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá Dátà, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ti tán. Ẹ bá mi fi díẹ̀ sí i."

Bọ̀ọ̀dá Dátà wò ó pẹ̀lú àánú, ó sì ṣàlàyé ìgbésí-ayé fóònù náà fún un títí bátìrì rẹ̀ fi kú.

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló máa ń wá jẹun nílé àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé ṣíbí sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa, ṣé o mọ ohun tí ṣíbí yìí ti fojú rí?"

"Rárá o, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Wọ́n wà á jáde nínú àpáta. Wọ́n jó o nínú iná. Wọ́n lù ú. Wọ́n jù ú sínú ọkọ̀ ojú omi, ó kọjá òkun. Èéfín, Ìyàwó wa! Èéfín ni láti òkè délẹ̀!"

Ó wá fi ṣíbí tójú rẹ̀ ti rí màbo yẹn bu ìrẹsì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn wá.

Ọkọ Ìyá Ìkókó máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ìyá Ìkókó ní tirẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù kì í pẹ́ bà ni. Láti ìgbà tó ti bímọ ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́: tí ọmọ bá sunkún, àyà rẹ̀ á já, tí ọmọ bá dákẹ́, á já jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ife ọmọ kó tó fi bu omi fún un.

"Bàbá Ìkókó, ẹ wá wò ó. Ṣé ife yìí kò rú èéfín báyìí?"

"Ìyá Ìkókó, omi tútù ló wà níbẹ̀."

"Ẹ fi imú sí i ná."

Ọkọ rẹ̀ fi imú sí i. Kò rú èéfín.

Ohun tó gbé Bọ̀ọ̀dá Dátà dé iwájú àwọn òbí ni ọ̀rọ̀ ilé-ìtọ́jú-ọmọ tó wà ní òpópónà kejì. Yàrá ńlá kan ni, pẹ̀lú àgbàlá níwájú, tí Àǹtí Àgbà ti ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ méjìlá fún àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ Ìyá Ìkókó ló kéré jù nínú wọn, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé kan wá yẹ ibẹ̀ wò, ó bá ìṣó tó yọ lára àga. Ìṣó náà ti fa ṣòkòtò ọmọ kan ya. Wolé-wolé ní dandan ni kí gbogbo àwọn àga yẹn kúrò níbẹ̀, pé òun á padà wá lọ́jọ́ kìíní oṣù tuntun, pé tí ara òun kò bá balẹ̀ sí yàrá náà, òun á fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo òbí ló bínú. Ìyá Ìkókó kò bínú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rò. Ilé ìfọṣọ ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń lọ aṣọ. Kí ó tó rí ilé Àǹtí Àgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ máa ń wà láàárín àwọn áyọ́ọ̀nù tó gbóná janjan, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un.

"Ọmọ àti áyọ́ọ̀nù ò lè jọ wà nínú yàrá kan. Lọ́jọ́ tí o bá tún pọ̀n ọ́n wá síbí, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa lọ sílé, kí ẹ dúró síbẹ̀."

Tí wọ́n bá ti ilé Àǹtí Àgbà pa, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an nìyẹn, kì í ṣe èéfín.

Ọlọ́run ṣe é, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún àyíká gbọ́, wọ́n ní àwọn á ṣe àga tuntun fún àwọn ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kàn ní kí àwọn òbí yan ohun èlò tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì ro ìgbésí-ayé ohun èlò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n tó yàn án. Àǹtí Àgbà ka iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i fún àwọn òbí, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló mọ̀ nípa nǹkan báyìí?"

Ìyá Ìkókó nawọ́. Ọwọ́ náà ti dókè kó tó mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ ìpàdé, Bọ̀ọ̀dá Dátà wọ kóòtù, ó de táì nínú ooru, ó gbé fáìlì dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó lẹ àtẹ ńlá kan mọ́ ògiri. Igi, ike, irin, gíláàsì àti kọnkéré ló tò síbẹ̀.

"Ẹ̀yin òbí," ó bẹ̀rẹ̀, "ayé ń bàjẹ́, ẹ sì jókòó."

Àwọn tó dúró sẹ́yìn náà jókòó.

"Ẹ wo ike! Kílò kan ike, èéfín kílò mẹ́ta! Ẹ wo irin! Kílò kan irin, èéfín kílò méjì! Gíláàsì, ká má wulẹ̀ sọ ọ́, ọmọdé wà níbí. Igi tí gbogbo yín ń yìn, ṣé ẹ rò pé òun náà mọ́? Àyùn ń mu epo. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ pákó ń jẹ iná. Ọkọ̀ ń gbé e gba inú igbó jáde. Ẹ wá wo èyí!" Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ àtẹ. "Kílò kan kọnkéré. Èéfín rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá kílò lọ. Fíntín báyìí! Ẹ̀yin èèyàn, kọnkéré ló mọ́ jù!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́? Nọ́ńbà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Kápẹ́ńtà, tó jẹ́ bàbá àwọn ìbejì, nìkan ló nawọ́.

"Bọ̀ọ̀dá Dátà, àga ọmọdé là ń sọ o. Kì í ṣe afárá."

"Kápẹ́ńtà, mo bi ọ́. Ṣé o ti rí afárá tí ìṣó yọ lára rẹ̀ rí?"

Kápẹ́ńtà ronú sí i. Kò tíì rí i. Ó jókòó.

Obìnrin kan ní ṣé kò ní le jù fún ìdí àwọn ọmọ. Bọ̀ọ̀dá Dátà ní ìdí á mọ́ ọn lára. Ọkùnrin kan ní ṣé wọ́n lè kùn ún ní àwọ̀ aró. Bọ̀ọ̀dá Dátà ní ọ̀dà ní ìgbésí-ayé tirẹ̀, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Àgbà wá yíjú sí ẹni tó mú àlejò wá.

"Ìyá Ìkókó, kí lẹ rí sí i?"

Gbogbo ojú bá bọ́ sára Ìyá Ìkókó. Ó rò ó pé tí òun bá ta ko ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ní gbangba, ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ á gùn. Ó tún rò ó pé tí wọ́n bá ń jiyàn lọ báyìí, oṣù tuntun á dé bá wọn lẹ́nu iyàn. Áyọ́ọ̀nù yọ sí i lójú ọkàn.

"Bọ̀ọ̀dá mi ló mọ̀ ọ́n," ó ní.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ẹgbẹ́ náà gbé sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ wá, wọ́n sì gba bíríkìlà kan. Ẹ̀yìn ilé Ìyá Ìkókó ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́, torí Bọ̀ọ̀dá Dátà kò fẹ́ kí eruku sìmẹ́ńtì dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Kọnkéré kò ṣeé fi ọwọ́ mọ bí amọ̀, inú àpótí pákó ni wọ́n máa ń dà á sí títí á fi le. Wọ́n bá ránṣẹ́ pe Kápẹ́ńtà kó wá kan àpótí. Ó kàn án. Pákó pọ̀ nílẹ̀. Bíríkìlà dúró, ó fi ọwọ́ sí ìbàdí.

"Ẹ̀yin ará ilé, pákó tí ẹ fi ṣe àpótí yìí mà tó àga o."

"Bíríkìlà," Bọ̀ọ̀dá Dátà dá a lóhùn, "po sìmẹ́ńtì ẹ."

Bíríkìlà pò ó. Ó wá ní tí òun bá ṣe ẹsẹ̀ tín-ín-rín sí i, ẹsẹ̀ á kán. Bọ̀ọ̀dá Dátà ní kó yọ ẹsẹ̀ kúrò. Bíríkìlà ní tí òun kò bá fi irin sínú ẹ̀yìn àga, ẹ̀yìn á já. Bọ̀ọ̀dá Dátà ní kó fi irin sí i, kó má pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi igi tó jẹ̀bi yí i ká, tí wọ́n fi irin tó jẹ̀bi sínú rẹ̀, tí kọnkéré tó mọ́ jù wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n tú àpótí, ohun tó jáde kò ní ẹsẹ̀, kò ní apá. Búlọ́ọ̀kù gìrìwò kan ni, tí pátákó kọnkéré kan nà ró lẹ́yìn rẹ̀, orí pátákó náà rí róbótó.

"Ó jọ nǹkan," ọkọ Ìyá Ìkókó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mi ò kàn rántí ohun tó jọ ni."

Ìyá Ìkókó mọ ohun tó jọ. Ó sún mọ́ ọmọ rẹ̀, kò sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ọjọ́ kìíní oṣù tuntun pé. Bọ̀ọ̀dá Dátà gba ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ibí ni ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ti dé fúnra rẹ̀, tó jókòó, tó ń dúró de ìdáhùn. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé àga kìíní. Nígbà tí wọ́n gbé ìkẹrin sínú ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀, iwájú rẹ̀ gbé sókè bí ẹni ń wo òṣùpá. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún mi pé àga ọmọ ọwọ́ lẹ fẹ́ kó."

"Àga ọmọ ọwọ́ náà ni," Bọ̀ọ̀dá Dátà ní.

"Ọmọ kí ni?"

Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, mẹ́rin mẹ́rin. Bọ̀ọ̀dá Dátà kò lè bá wọn gbé e. Ó fẹ́ bá wọn gbé e, ó kàn jẹ́ pé fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Wọ́n kọ́kọ́ tò wọ́n sí àgbàlá ilé-ìtọ́jú-ọmọ, mẹ́fà níwájú, mẹ́fà lẹ́yìn, kí wọ́n lè mí. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ dúró létí ọgbà. Ó wò wọ́n. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o. Ṣé ọmọdé ni gbogbo wọn?"

"Àga ni, bàbá," Àǹtí Àgbà dáhùn.

"Àga?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá rọra dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ìkókó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," láìsọ ohun tí kí Ọlọ́run má jẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọlé. Àga kìíní fọ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ìkejì fọ́ táìlì. Ìkẹta bọ́ lọ́wọ́ wọn nídìí ògiri, ó kọjú sí ògiri, wọ́n tì í, wọ́n fà á, kò gbà. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé láàárín àwọn ọmọ méjìlá, ọ̀kan á máa wo ògiri láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìṣẹ̀.

Wọ́n gbé àwọn ọmọ sórí àga. Kọnkéré tutù bí omi kànga. Ìbejì kìíní ló kọ́kọ́ pariwo, èkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ilé gbà á lẹ́nu wọn. Ọmọ Ìyá Ìkókó nìkan ni kò sunkún. Ó wo àga. Ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó fi fáìlì sí abíyá. Ó sì tọ̀. Kọnkéré mu ìtọ̀ náà tán pátápátá láìku ẹ̀kán kan, òórùn rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Inú ariwo yìí ni wolé-wolé bá wọn, pẹ̀lú obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àyíká tó wá wo àga tí wọ́n ṣe. Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbé àga kan sókè, kó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ìṣó wà níbẹ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan ró. Kì í ṣe àga ló ró.

"Sà?" Àǹtí Àgbà pè é.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí," wolé-wolé ní, láìlè nàró. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Mò ń gbọ́."

Obìnrin ẹgbẹ́ àyíká ń yí àwọn àga náà po. Ó rọra béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló fà á tí ẹ fi yan kọnkéré?"

Ohun tí Bọ̀ọ̀dá Dátà ti ń dúró dè nìyẹn. Ó to táì rẹ̀. "Dátà ni, màdáàmù. Nínú gbogbo ohun èlò, kílò kan kọnkéré ni èéfín rẹ̀ kéré jù."

"Òótọ́ ni, sà. Kílò mélòó wá ni àga kan?"

Bọ̀ọ̀dá Dátà ká apá kóòtù rẹ̀ sókè. "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n," ó ní.

Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tó wà nílé náà ni èyí tí Àǹtí Àgbà fi ń wọn àwọn ọmọ. Ọkùnrin mẹ́rin gbé àga lé e. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n sáré kọjá gbogbo nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀, ó yí po, ó padà sórí òdo, ó dúró síbẹ̀.

"Òdo!" Bọ̀ọ̀dá Dátà kígbe. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wò ó fúnra yín! Òdo!"

Òṣùwọ̀n náà ní "kẹ́rẹ́". Ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àǹtí Àgbà fi aṣọ bo òṣùwọ̀n náà. Lẹ́yìn náà obìnrin yẹn bi bíríkìlà ní ìbéèrè díẹ̀, ó ṣírò lórí fóònù rẹ̀, ó ní kò lè dín ní ọgọ́ta kílò.

"Àga ike tó kéré báyìí, ẹ̀gbọ́n, kílò kan péré ni. Tí ẹ bá fi èéfín ike sí i, kílò mẹ́ta. Tí ẹ bá fi èéfín kọnkéré sí ọgọ́ta, kílò mẹ́fà. A ò tíì ka irin inú rẹ̀. A ò tíì ka pákó. A ò tíì ka ọkọ̀ akẹ́rù tó lọ, tó bọ̀." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni ń sọ fún èèyàn pé bọ́tìnnì rẹ̀ ṣí ló ṣe sọ ọ́. "Èèyàn kì í jókòó lórí kílò, sà. Orí àga ló ń jókòó sí. Iṣẹ́ tí nǹkan fẹ́ ṣe lẹ máa kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ni ẹ máa wo bí ohun èlò tó máa gbà á ṣe pọ̀ tó."

"Ṣùgbọ́n ó máa pẹ́!" Bọ̀ọ̀dá Dátà ní. "Ike á fọ́ lọ́dún mélòó kan. Èyí á lo ọgọ́rùn-ún ọdún, màdáàmù! Dátà wà fún ìyẹn náà!"

"Ìyẹn dáa, sà. Ilé yìí ńkọ́, ṣé tiyín ni, Àǹtí?"

"Rárá o," Àǹtí Àgbà dáhùn. "A háyà rẹ̀ ni. Lọ́dún tó ń bọ̀ la máa kó lọ síbòmíràn."

Gbogbo wọn yíjú wo àga méjìlá náà. Kápẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì jáde lọ wú u nínú àgbàlá. Wọ́n ń gbọ́ ọ láti inú ilé, ikọ́ náà ń dún bí ẹ̀rín.

Obìnrin náà yọ fóònù, ó ní òun fẹ́ ya àwòrán. Bọ̀ọ̀dá Dátà lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e bí ọdẹ tó pa ẹfọ̀n.

"Ṣé ẹ máa fi kọ́ àwọn èèyàn, màdáàmù?"

"A ó fi kọ́ wọn, sà. Dájúdájú."

Bọ̀ọ̀dá Dátà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn nínú àwòrán náà tán.

Wolé-wolé, tí wọ́n ti gbàgbé, sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Àwọn nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kúrò níbí. Mo ń padà bọ̀ lọ́la."

Ìyá Ìkókó ká ọwọ́ lérí. Ọ̀la! Níbo ni wọn á ti rí àga kó tó di ọ̀la? Ó rí ọ̀gá rẹ̀ lójú ọkàn, ó rí ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ, ó rí ara rẹ̀ tó jókòó sílé láti òní lọ pẹ̀lú ọmọ, tí wọ́n jọ ń wo ara wọn. Àwọn tó gbé àga wọlé ti ń wábi yọ lọ. Ọ̀kan ti rántí pé ìyàwó òun ń ṣàìsàn, òmíràn kò tiẹ̀ ní ìyàwó, ó kàn ń lọ ni. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Ó so ọ̀já ọmọ le, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú fáìlì yẹn dání."

"Kò wúwo, Ìyàwó wa."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bá yín mú un."

Ó gbà á. Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Dátà méjèèjì ṣófo, gbogbo èèyàn sì rí i pé ó ṣófo. Kí ni yóò tún fi wọ́n ṣe? Ó bọ́ kóòtù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ìdí àga mú pẹ̀lú Kápẹ́ńtà, bíríkìlà àti ọkọ Ìyá Ìkókó. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e, kò sí dátà fún un níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó méjèèjìlá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ìkókó ń gbé fáìlì tẹ̀lé wọn lọ, ó ń tẹ̀lé wọn bọ̀, ó ń kí wọn kú iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí àga kankan nínú yàrá náà. Àǹtí Àgbà ti gbálẹ̀, ó ti nu ilẹ̀, ó tẹ́ ẹní gbọọrọ méjì sílẹ̀, àwọn ọmọ jókòó lé e, wọ́n ń jẹ ìka ara wọn. Ìyá Ìkókó kò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbàdúrà láìmi ètè. Wolé-wolé dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó wo fèrèsé. Ó wo àwọn ọmọ lórí ẹní. Kò béèrè àga. Ó fọwọ́ sí i pé kí ilé náà máa ṣiṣẹ́ lọ, ó sì bá ọ̀pá rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìkókó sunkún. Irú àánú wo nìyí? Ọkùnrin tí wọ́n ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, tó rí i pé àga kankan kò sí, tó sì mójú kúrò!

Bọ̀ọ̀dá Dátà kò sọ̀rọ̀ èéfín mọ́. Eegun ẹ̀yìn ló ń ṣàlàyé báyìí, pàápàá jù lọ fún dókítà tó ń tọ́jú tirẹ̀. Ó fi àwòrán rẹ̀ àti àga kọ́ sí pálọ̀, ó ń sọ fún àlejò pé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń lo òun. Òótọ́ ni. Kò kàn sọ abẹ́ àkòrí tí wọ́n fi òun sí ni.

Ní ti Ìyá Ìkókó, kò mọ ọ̀nà tó lè gbà dúpẹ́ lọ́wọ́ wolé-wolé. Nígbà tó rí i pé ilé ìfọṣọ wọn ló ń kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó rí ọ̀nà. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí òun nìkan máa lọ̀ ọ́. Aṣọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ̀ kí áyọ́ọ̀nù tó dọ̀tí, ó máa ń lọ kọ́là rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìlà ṣòkòtò náà mú tó fi jẹ́ pé ó lè gé àkàrà òyìnbó. Bọ́tìnnì tó bá já, ó máa ń rán an padà. Ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Àǹtí Àgbà, ó wọ ilé ìwé, eyín rẹ̀ iwájú yọ, òmíràn hù, ìyá rẹ̀ ṣì ń lọ kọ́là.

Ọjọ́ kan ni wolé-wolé fúnra rẹ̀ wá gba aṣọ. Ìyá Ìkókó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé o, sà. A ò lè gbàgbé àánú tí ẹ ṣe wá lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ bá àwọn ọmọ nílẹ̀ láìsí àga, tí ẹ sì gbójú fò ó."

Wolé-wolé gba aṣọ rẹ̀, ó gbé e kọ́ apá. Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

"Àánú wo? Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹní ni òfin ní kí wọ́n tẹ́ fún un."